Ìdáhùn Méjì Lórí Tánkì Omi

Nínú takisí tó ń ti Savalou lọ sí Bantè, tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ń bá ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Tánkì omi tí wọ́n fẹ́ gbé sórí òpó gíga lẹ́yìn ilé mi l'Akpassi, ṣé òun ni kọ̀ǹpútà yín ń mú ìdáhùn méjì wá lé lórí? Ní kíláàsì mi, òdo nìyẹn!"

"Bàbá, kọ̀ǹpútà máa ń gé ìdí nọ́ńbà tó bá gùn jù. Bí èérún tó ń gé dànù bá pọ̀, ìṣirò á ṣìnà, tánkì sì lè wó. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kó sọ iye tí ẹrù tó máa wà lórí òpó náà kò lè dín sí, àti iye tí kò lè kọjá. Òótọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín."

"Ta ló máa mọ̀ bó bá purọ́?"

"Èmi ni. Mo máa fún un ní ìṣirò tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ìdáhùn yẹn bá yọ síta kúrò láàárín iye méjèèjì tó sọ, bó ti wù kó kéré tó, mi ò gbà á. Lánàá, ó yọ síta. Ọ̀gá mi bínú, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ tánkì náà dúró ná."

"Bó bá wá ní ó wà láàárín ilẹ̀ àti ọ̀run ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò purọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n kò wúlò. A máa dá ìyẹn náà padà."

A wọ àárín oko kajú. Bàbá wá ṣí fìlà.

"Ẹ̀rọ tó mọ ibi tí ìmọ̀ òun mọ! Ọmọ mi, mi ò tíì rí èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ máa dán an wò lọ o. Abẹ́ tánkì yẹn ni mo máa sùn."