Ọlọ́run Dá Ohùn Mi Padà Nítorí Ìtàn Ilé Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé mi dúró síwájú yín ní òwúrọ̀ yìí. Fadá wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ẹ fara dà á fún mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu tí ẹ ń gbọ́ yìí, Ọlọ́run ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́ ní yunifásítì lè má mọ̀ mí. Mónìkà ni orúkọ ìrìbọmi mi. Bàbá mi ni katikíìsì àkọ́kọ́ ní párísì yìí. Àwọn ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nígbà tí kò tíì sí fadá tó ń gbé láàrin wa. Nínú àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, èmi nìkan ló ṣẹ́kù sí Ifẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Fadá wá bá mi nílé. Wọ́n ní ayẹyẹ párísì ń bọ̀, pé àwọn ọmọ wa ò mọ bí ilé ìjọsìn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, pé kí n wá sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ. Inú mi dùn gan-an. Mo wá ń dá sọ ọ́ fún ara mi ní kíṣíìnì kí n má bàa gbàgbé ibì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti Máàsì dé, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣàdédé wúwo, abọ́ bọ́, ẹ̀wà fọ́n sílẹ̀. Mo fẹ́ pe Ṣadé, ìyàwó ọmọ mi, pé kó wá bá mi ṣà á. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "bẹ́ẹ̀." Mo tún gbìyànjú, "bẹ́ẹ̀" náà ni. Nígbà tí Ṣadé fi máa jáde sí mi, ẹnu mi ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó pe Pétérù ọkọ ẹ̀, wọ́n gbé mi sínú mọ́tò, ó di ọsibítù. Dókítà ní sítíróòkù ni.

Ẹ bá mi dúpẹ́ pé wọ́n tètè gbé mi dé ibẹ̀. Ọwọ́ padà sípò, ẹsẹ̀ padà sípò. Ọ̀rọ̀ ni kò padà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ló ń yé mi, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ló sì wà nínú mi. Tí mo bá ti la ẹnu, "bẹ́ẹ̀" ni. Ṣadé á ní, "Màámi, ṣé kí n bu omi wá?" Màá ní, "Bẹ́ẹ̀." "Àbí tíì lẹ fẹ́?" "Bẹ́ẹ̀." Ọmọ náà á gbé méjèèjì wá. Kò fajú ro sí mi rí.

Àwọn kan ní kí wọ́n gbé mi lọ síbòmíì, pé ọwọ́ ayé wà nínú ẹ̀. Pétérù ní rárá, pé inú ìjọ tí wọ́n ti rì mí bọmi la ó ti máa gbàdúrà. Fadá bá ní kí àwọn tó ń wá sí Máàsì àárọ̀ máa dúró ka rósárì nítorí mi. Ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà.

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ò lè dúró dè mí. Wọ́n ní kí Bàbá Dámíánì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bá wọn wá ìtàn náà jọ. Bàbá Dámíánì wá sílé mi, àwọn àti ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Màmá, ohun tí a gbọ́ ni pé àwọn ará yunifásítì ló dá ìjọ yìí sílẹ̀, pé igbó lásán ló wà níbí kí wọ́n tó dé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọkàn mi ní rárá. Mo fẹ́ sọ pé a ti ń kọrin nínú ilé alámọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ yunifásítì. Mo la ẹnu.

"Bẹ́ẹ̀."

Akọrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó tán nìyẹn, Màmá ti fọwọ́ sí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rọbí, mo ti sin ọkọ, n kò tíì jẹ irú ìrora yẹn rí. Ẹnu ara mi ló ń pa iṣẹ́ bàbá mi rẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

Bàbá Dámíánì wò mí títí. Wọ́n ní, "Ẹ dúró ná. Màmá ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń wí yìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ṣé ẹlòmíì wà tó mọ̀ ọ́n? Ẹ nawọ́ sí i fún mi."

Mo nawọ́ sí fọ́tò ara ògiri, èyí tí èmi àti Tèrésà ọ̀rẹ́ mi yà lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gba ara Kristi. Ìpetumodù ni Tèrésà ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Pétérù lọ gbé e wá. Bàbá Dámíánì tún wá, wọ́n bi í léèrè ìtàn. Ó ní orí òun ti gbó, òun ò rántí nǹkan kan mọ́.

Mo rò pé ó parí. Tèrésà wá sún mọ́ mi, ó ní, "Mónìkà, ṣé èmi náà lo ò lè bá sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀."

Ó mi orí. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Látìn kan tí bàbá mi máa ń dá fún wa nígbà tí a bá ń tẹ amọ̀ ilé ìjọsìn. Ohùn rẹ̀ ti ha, àmọ́ ohùn orin náà ṣì gún. Kí n tó mọ̀, mo ti ń bá a kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ orin náà gan-an ló ń jáde lẹ́nu mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣadé sáré jáde láti kíṣíìnì, ó mú ṣíbí lọ́wọ́. Bàbá Dámíánì ṣí fìlà.

Nígbà tí a sọ fún dókítà, ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé, pé kí a máa fi orin wá ọ̀rọ̀ lọ. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ mo mọ ẹni tó tọ́jú orin pamọ́ fún mi síbẹ̀.

Tèrésà ò padà sílé mọ́. Bí mo bá fẹ́ omi, òun àti Ṣadé á fi í kọrin, màá gbè é. Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún oṣù púpọ̀, títí ọ̀rọ̀ fi ń yọ láìsí orin. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ẹnu lásán sọ ni, "Ṣadé, o ṣé." Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìtàn náà. Inú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí la ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn Ẹnuwá. Bàbá Ràímì ló ni ín, Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Ifẹ̀ pọ́ńbélé. Bàbá mi tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn títí àsìkò kòkó. Nígbà tí kòkó dé, a ti palẹ̀ mọ́. Bàbá Ràímì ní, "Katikíìsì, ibo lẹ ń kó Ọlọ́run lọ? Ẹ padà." Wọ́n kó àpò kòkó wọn sí pálọ̀ ara wọn. Lọ́dún yẹn, ẹni tó bá lọ kí wọn, orí àpò ló ń jókòó sí.

Lẹ́yìn náà la rí ilẹ̀ yìí. Àwọn ọkùnrin wa ilẹ̀, àwa ọmọdé tẹ amọ̀, àwọn ìyá wa pọn omi láti odò. Òjò wó ògiri àkọ́kọ́. Bàbá mi ò ráhùn. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n tún wọ inú amọ̀. Fadá òyìnbó kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá ṣe Máàsì. Tí kò bá rí ọ̀nà wá, bàbá mi á ka Ìwé Mímọ́, wọ́n á kó wa gbàdúrà. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn ará yunifásítì dé, ilé amọ̀ ò gbà wá mọ́. Wọn ò fojú tẹ́ńbẹ́lú wa. Mo rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ru búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú táì lọ́rùn. Bàbá Dámíánì, ẹ ò jìnnà sí òótọ́: àwa pẹ̀lú wọn la jọ kọ́ èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Bàbá mi kú kí wọ́n tó kan páànù rẹ̀. Ojú wọn ò rí i, ojú tèmi rí i.

Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi yọ̀. Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ wo bẹ́ǹṣì kejì yẹn. Àlájà Sìdí, ọmọ Bàbá Ràímì, ló jókòó síbẹ̀. Èmi ni mo ní kí Fadá pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ìjọ, ẹ dìde dúró, kí á kí wọn káàbọ̀ sílé.