Ìyá Mi Sìn Mí Sọ́nà, Wọn Ò Fẹ́ Padà

Ẹ gbọ́, kí n tó di ẹni tó ń di ògiri mú kó tó lè dìde, èmi náà ti ṣe ọ̀dọ́ rí. Ẹ má wojú ara yín. Mo ní mo ṣe ọ̀dọ́, mo sì ní alùpùpù. Alùpùpù gidi o, onírin, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rà lónìí tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà.

Ẹ̀yin ọmọ Mọ̀nsúrá àbúrò mi, ẹ ò mọ bí a ṣe ń kúrò nílé nígbà yẹn. Lónìí, ẹnìkan á jókòó síbí, á bá wa jẹ ẹ̀bà, tó bá di ọ̀túnla ẹ ó rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù nínú yìnyín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti dé Kánádà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí ayé má baà gbọ́. Ayé wo? Àwa tí a jọ ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, bí o bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn lásán, gbogbo ilé ló máa gbọ́, gbogbo ilé ló sì máa dá sí i.

Kì í wá ṣe Ìbàdàn ni mo ń lọ. Sókótó ni. Lórí alùpùpù. Èmi nìkan.

Ayé ìjọba ológun ni. Wọ́n ní kí gbogbo ará ìlú fún ìgbànú mọ́ra, nǹkan á dáa. Àwa tí a ò ní ìgbànú, a fi okùn so ṣòkòtò, a ṣáà fún un. Mushin là ń gbé, lẹ́yìn Ìdí-Òro. Lébìrà ni mí. Mo jáde ìwé mẹ́fà, mo bọ́ sídìí búlọ́ọ̀kù. Agbaṣẹ́ṣe kan tí mo máa ń bá po kọnkéré wá rí iṣẹ́ ilé ńlá kan gbà ní Sókótó. Ó ní òun fẹ́ mú mi nítorí pé mi ò kì í sọ̀rọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ọjọ́ orí ló la ẹnu mi. Iṣẹ́ ọdún kan ó lé ni. Ó ní bí mi ò bá dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun á mú ẹlòmíràn. Mo ní alùpùpù mi ni n ó gùn lọ, kí n lè máa fi gbé èrò níbẹ̀ bí a bá ti ṣíwọ́.

Ohun kan ló kù. Kí ìyá mi ní kí n máa lọ.

Ìyá àgbà yín nìyẹn, tí ẹ ò bá láyé. Wọn ò ní kí n má lọ o. Wọn ò sì ní kí n lọ. Bí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ Sókótó sílẹ̀ báyìí, wọ́n á ní iyọ̀ ti tán nílé. Bí mo bá ra iyọ̀ dé, wọ́n á ní ata ńkọ́? Ta ló sì máa gun ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ la ẹnu súre fún un? Ẹ̀yin á ní kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tiwa, ó ń ṣe nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Bàbá wa lọ sí Àbíjàn nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá yín ṣì wà lẹ́yìn. Ọjọ́ tó lọ, ìyá mi wà ní Makoko, wọ́n lọ ra ẹja yíyan tí wọ́n ń tà l'Ójúwòyè. Kí wọ́n tó dé, ọkọ wọn ti gbéra. Wọn ò rí i sìn sọ́nà. Bàbá wa ò sì padà wá mọ́. Àwọn kan ní ó ti kú. Àwọn kan ní ó ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ mọ irú aṣọ tí ìyàwó náà ń wọ̀, àwọn tí wọn ò dé Bàdágìrì rí. Ìyá mi ní irọ́ ni. Wọ́n ní nítorí pé àwọn ò sìn ín ni. Ẹni tí a ò bá sìn sọ́nà, wọ́n ní, kì í mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ. Ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá ni. Bí o bá fẹ́ rìnrìn àjò, ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn ni wàá ti kí wọn. Bí o bá fo ẹnìkan, ìjà ọdún mẹ́ta nìyẹn. Mo kí wọn. Bàbá onílé gba kọ́kọ́rọ́ yàrá mi lọ́wọ́ mi. Mo ti san owó ilé sílẹ̀ o. Ó ní, "Ràṣídì ọmọ mi, ojú mi á máa wà lára yàrá yẹn." Ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ó gbọ́.

Àǹtí Sìdí, aránṣọ tó kọjú sí mi, ó sunkún. Ó sunkún débi pé mo rò pé ó ti gbọ́ ìròyìn ikú mi ṣáájú mi. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀, ará Ilẹ̀ṣà, tó ń na ara mọ́tò tó ti wó ní Ládìípọ̀, òun ló gbàdúrà. Ó fi àdúrà gbé mi kọjá gbogbo afárá tó wà láàárín Èkó sí Sókótó, àti àwọn tí ìjọba ò tíì kọ́. Mùsùlùmí ni mí, mo dúró síbẹ̀, mo ń ṣe àmín títí ẹnu mi fi gbẹ. Èèyàn rere ni wọ́n. Ẹ ò lè rí irú wọn mọ́.

Ìyá mi kàn fún gèlè, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká sìn ín."

Ẹ gbọ́ àṣà wa. Ẹni tí à ń sìn kì í sáré. Bí àgbà bá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn rẹ, ta ló bí ọ dáadáa tí wàá gun alùpùpù níwájú rẹ̀? Nítorí náà, mo ti alùpùpù. Ẹrù Sókótó wà lórí rẹ̀, àpò, ṣọ́bìrì, kẹ́ẹ̀gì epo, mo ń tì í, wọ́n ń tẹ̀ lé mi bí ẹni tó ń da màlúù. Àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé ṣé epo ló tán ni. Mo ní rárá, ìfẹ́ ló pọ̀.

Bàbá onílé yà ní Ìdí-Òro. Ó ní agbára òun mọ níbẹ̀. Nígbà tí a dé Ojúẹlẹ́gba, Àǹtí Sìdí rántí oníbàárà kan, Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀ náà rántí nǹkan kan. Àwọn méjèèjì yára padà bí ẹni tó gbé ìkòkò sórí iná. Mo ní ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́ ènìyàn.

Ó wá ku èmi àti ìyá mi.

Àṣà náà ni pé ẹni tí à ń sìn ló máa bẹ ẹni tó ń sìn ín pé ó tó, ẹ padà. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ká dé ibi igi iwájú yẹn. A dé ibi igi. Wọ́n ní ká dé Jíbówú. Ẹ mọ Jíbówú, ibùdó ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn. Agbèrò kan di àpò mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọnìṣà ni? Bìní?" Mo fi alùpùpù hàn án. Ó ní, "Kò burú, a máa gbé e sórí òrùlé. Ìyá ńkọ́, àwọn náà ń lọ?" Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń lọ síwájú díẹ̀.

Iwájú díẹ̀ di Fádéyí. Fádéyí di Onípàánù. Oòrùn ti ga. Ọ̀sẹ̀ sì ń lọ, agbaṣẹ́ṣe ò ní dúró dè mí. Ní Onípàánù ni okùn bàtà ìyá mi já. Wọ́n jókòó sí etí gọ́tà, wọ́n gbé bàtà náà lé itan.

Mo ní, "Màámi, ó tó. Ẹ padà."

Wọ́n ní, "Mo gbọ́."

"Ẹ ò dìde."

"Èmi ni mo gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbọ́."

Mo dá ọkọ̀ dúró fún wọn. Wọ́n bi mí pé ṣé mo mọ awakọ̀ náà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ kejì, bákan náà. Ìyá mi ò ní ohun tó burú lọ́kàn o, wọ́n kàn fẹ́ kí n wà ní Onípàánù títí Sókótó á fi sú mi.

Kí ni n ó ṣe? Kí n fi ìyá mi sílẹ̀ létí gọ́tà? Mo sún ẹrù sẹ́yìn díẹ̀, mo gbé wọn sórí alùpùpù, mo yí orí rẹ̀ padà sí Mushin. Wọn ò gun alùpùpù rí. Wọ́n di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn bí ẹni tó mú olè. Ọ̀nà tí a ti fi gbogbo àárọ̀ ti alùpùpù rìn, kí wọ́n tó ka Fátíhà tán, a ti dé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo bá nílé.

Ilẹ̀kùn yàrá mi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àga mi wà níta. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀ di orí bẹ́ẹ̀dì kan mú, bàbá onílé di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n ń gbé e wọlé, àbúrò Káyọ̀ fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Agbára bàbá onílé tó tán ní Ìdí-Òro ti padà bọ̀ sára, ìyẹn dùn mọ́ mi. Àǹtí Sìdí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi sítóòfù mi din dòdò. Ojú rẹ̀ ti gbẹ.

Ó ní, "Ràṣídì, ṣé o gbàgbé nǹkan ni?"

Bàbá onílé ló fèsì láìjẹ́ pé a bi í. Ó ní àwọn kàn fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú yàrá náà ni, kó má baà máa rùn. Afẹ́fẹ́ náà ló gbé bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ wá.

Ẹ mọ̀ pé arìnrìn-àjò tó bá padà sílé gbọ́dọ̀ jókòó, kó mu omi, kó tó tún jáde. Níbo ni n ó wá jókòó sí? Mo dúró láàárín ọgbà bí àlejò tí ò rí ẹni kí i. Ìyá mi wo ibẹ̀ yẹn. Wọ́n wo dòdò. Wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kọjá láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì, wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín méjì, wọ́n na ẹsẹ̀ eléruku yẹn tàntàn.

Wọ́n ní, "Káyọ̀, gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ń dun mí."

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀ ní, "Màmá, àbúrò mi ti ń bọ̀ lọ́nà."

"Níbo ló wà nígbà tí à ń ti alùpùpù?"

Bàbá onílé ní, "Ìyá Ràṣídì, ẹ ṣáà ní yàrá tiyín."

Ìyá mi ní, "Ó ti di méjì."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì gbé bẹ́ẹ̀dì náà padà. Mo gbé àga mi wọlé, mo jókòó, Mọ̀nsúrá bu omi fún mi, mo mu ún. Ìyá mi wò mí pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ràṣídì, mo ti ń rò pé ọ̀nà ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ẹni. Mi ò mọ̀ pé ilé náà ń ṣe é." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Máa lọ. Ọ̀nà á là fún ọ. Ibi tí wàá padà sí, èmi ni mo wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ò ní sìn mí?"

Wọ́n ní, "Bí mo bá dìde, wọ́n á jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹsẹ̀ ta alùpùpù nínú ọgbà gan-an. Kò sí ẹni tó sìn mí. Kò sí ẹni tó tún gbàdúrà, gbogbo wọn ti rí iṣẹ́ ṣe nínú yàrá wọn. Mo dé Sókótó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ṣe ọdún kan ó lé níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi wà nínú yàrá náà, wọ́n ti ń sùn síbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, agbọ̀n ẹja wọn wà níbi tí bẹ́ẹ̀dì Káyọ̀ ìbá wà. Bàbá onílé kí mi káàbọ̀, ó ní ṣé mo rí i bí òun ṣe bá mi ṣọ́ yàrá mi dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Mọ̀nsúrá, bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ, èmi ò ní jókòó sétí gọ́tà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kí gbogbo ilé tán, tí wọ́n ti sunkún tán, ẹ fi ọgbọ́n padà wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó mọ ẹni tí ẹ kí. Ayé ti dára sí i lónìí, mo gbà. Ẹ ń fi ìka ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ń fi fóònù ṣọ́ ilé láti òkèèrè. Ó dára gan-an. Ẹ óò máa rí yàrá náà láti Kánádà, ní òfìfo, títí ojú yín á fi rẹ̀… Ta ló wá jókòó síbẹ̀ dè yín?