Wọ́n Ń Wá Mi ní Agbowó

Ẹ kú ìjọsìn o, ẹ̀yin ará. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run mi ná. Ẹ ṣeun, mo ti dìde. Bàbá mi ọ̀run, ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kí n sáré kọjá ire mi. Ẹ bá mi ṣe haleluya kan, kì í ṣe èyí tó tutù yẹn o. Ẹhẹ́n! Èyí dáa.

Fèyíṣayọ̀ ni orúkọ mi. Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Mojí tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, Akobo ni ilé wọn. Òndó ni mo ti wá, ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì níbí ní Ìbàdàn. Àǹtí mi ti kìlọ̀ fún mi nínú ọkọ̀ pé kí n sọ ọ́ ní ṣókí, wọ́n sì ń ṣẹ́jú sí mi báyìí láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Àǹtí, ẹ máà bínú. Ẹ̀rí yìí ò ṣe é gé kúrú. Bí mo bá gé e, irọ́ ló máa dà.

Ṣé ẹ rántí Ọjọ́rú tó kọjá, ọmọbìnrin tí Pásítọ̀ pè jáde, tí gbogbo yín na ọwọ́ sí, pé àwọn kan ń lépa ẹ̀mí rẹ̀? Èmi ni. Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn. Lónìí mo fẹ́ sọ ọ́ tán.

Láti ìgbà tí mo ti dé Agbowó ni ara mi ò ti balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe fúréṣà rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á ní ibí ni kíláàsì wà, wàá sáré débẹ̀, wọ́n á ní ó ti di òdì kejì. Wàá tò fún fọ́ọ̀mù, wàá tò fún káàdì, wàá tún délé, wàá tò fún omi. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á ṣáà máa gbọ̀n. Ìyanu, ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá, á ní, "Fèyí, ṣé iná ń jó ẹ nídìí ni?" Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ìyanu, ẹ sì mọ ọmọ Ọ̀yọ́. Á kúnlẹ̀ kí mẹ́gáádì, á kúnlẹ̀ kí ìyá tó ń ta búrẹ́dì, èmi á ti rìn lọ jìnnà kó tó dìde.

Ní Ọjọ́ Ajé, mo lọ sí Mọ́kọ́lá lọ ya fọ́tò pélébé, kí n sì ṣe fótókọ́pì àwọn ìwé mi. Ọjọ́ Jímọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, ni wọ́n máa parí àyẹ̀wò ìwé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ojúlówó ìwé ni wọ́n sì fẹ́ fi ojú rí. Ìwé ìbí mi, èsì ìdánwò sẹ́kọ́ńdírì mi, ìwé tí wọ́n fi gbà mí wọlé, gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kan. Mo wọ takisí, mò ń padà bọ̀. Nígbà tí a dé Sángò, ọkọ̀ ò rìn mọ́, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ẹlòmíì á jókòó jẹ́ẹ́. Èmi kọ́! Mo ní kí awakọ̀ sọ̀ mí, mo bẹ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Ìgbà tí mo dé ẹnu géètì ilé wa ni mo tó wo ọwọ́ mi. Fọ́tò wà níbẹ̀. Fáìlì ò sí.

Yéè! Mo sáré padà sí Sángò bí ẹni pé takisí á dúró dè mí. Mo bi àwọn onímọ́tò léèrè títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní takisí wo, awakọ̀ wo, kí ni nọ́ńbà ọkọ̀ náà? Mi ò tiẹ̀ wo ojú awakọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ìyá tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwé ní ẹ̀ka wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹnì kan bá sọ ìwé ẹ̀ nù ńkọ́?" Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Jímọ̀, aago méjìlá. Ẹni tí ò bá ní ojúlówó, kó máa lọ sílé ẹ̀, kó padà wá ṣe ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀." Ẹ̀yin ará, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe ìdánwò yẹn kí n tó wọlé. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ìyá mi ti jó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a ò bá sọ̀rọ̀ ládùúgbò pé ọmọ òun ti wọ yunifásítì. Ojú wo ni mo fẹ́ fi padà sí Òndó?

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyanu ò gbọ́, Àǹtí Mojí ò gbọ́, ìyá mi ò gbọ́. Ojú ló ń tì mí. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe yẹn dáadáa, mo sì dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ pọn omi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo ti tò títí, ó ku ẹnì kan kó kàn mí, ni àwọn ọmọkùnrin méjì kan tó ti pẹ́ nílé ìwé bá gbé kẹ́ẹ̀gì tiwọn wá síwájú tèmi. Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ gbá kẹ́ẹ̀gì náà, ó yí gbiri, ó lu ògiri, ó sán. Ọ̀kan nínú wọn wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Fúréṣà, kò sí wàhálà. A máa wá ẹ wá." Ẹnu mi tí ò mọ ìwọ̀n, mo ní, "Ẹ wá mi wá! Yàrá kẹsàn-án nìyẹn!" Mo tún nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ẹ ò rí òmùgọ̀ èèyàn?

Ó di Ọjọ́rú. Mo wà nínú kíláàsì nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ Ìyanu wọlé sórí fóònù mi. Mo lè kà á lórí fún yín, torí mo kà á tó ogún ìgbà. Ó ní, "Fèyí, wọ́n wá ẹ wá o. Wọ́n ní àwọn ní nǹkan tí àwọn fẹ́ fún ẹ, ìwọ gan-an ni àwọn máa fún. Wọn ò bá ẹ, wọ́n ní àwọn á padà wá lọ́la. Mò ń lọ sílé, màámi ń pè mí."

Wọ́n wá mi wá! Kí ni wọ́n fẹ́ fún mi tó ju ìyà lọ? Mo pe Ìyanu, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo tún pè é, òkú ni. Mi ò padà sí yàrá rárá. Bí mo ṣe wà yẹn, pẹ̀lú báàgì kíláàsì léjìká, ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Akobo.

Àǹtí Mojí rí ojú mi, wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ ti àwọn ọmọkùnrin, mi ò mẹ́nu ba fáìlì. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni wọ́n mú mi wá síbí, ẹ sì gbàdúrà o! Pásítọ̀ ní, "Gbogbo ẹsẹ̀ tó ń wá ọmọ yìí lọ sílé, ọ̀nà á dàrú mọ́ wọn lójú!" Ẹ ní, "Àmín!" Wọ́n ní, "Wọ́n á dé àdúgbò, wọn ò ní rí ilé!" Ẹ ní, "Àmín!" Bùrọ́dà kan lẹ́yìn mi ń gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé àga mi ń mì. Àmín tèmi ló sì ròkè jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò jáde. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ nínú pálọ̀ Àǹtí mi. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ wo fèrèsé. Bí ọkọ̀ bá fun fèrè lójú títì, mo ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù àwọn ọmọkùnrin yẹn ń bà mí, ẹ̀rù ọjọ́ Jímọ̀ ń bà mí, mi ò sì mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ sunkún lé lórí.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni ara mi ò gbà á mọ́. Àǹtí mi ń po ògì lọ́wọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fáìlì. Wọ́n pa iná. Wọ́n ní, "Fèyíṣayọ̀, láti Ọjọ́ Ajé? Láti ìjẹta ni o ti wà nílé mi, tí ò ń jẹ, tí ò ń mu, o ò sọ?" Mo bú sẹ́kún. Wọn ò bú mi mọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Olúwa, ẹ mọ ibi tí ìwé ọmọ yìí wà. Ẹ ṣàánú rẹ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n wọ bàtà, ká lọ bẹ ìyá tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwé.

A kọ́kọ́ yà sí Agbowó kí n lè mú fọ́tò mi. Bí a ṣe yọ sí ọ̀nà ilé, mo rí wọn! Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì dúró síwájú yàrá kẹsàn-án, ẹnì kẹta jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ní, "Àǹtí, àwọn nìyẹn!" Mo yí padà, ó di eré. Ọ̀kan nínú wọn pariwo, "Fúréṣà! Dúró! Wọ́n ń wá ẹ!"

Ṣé ẹni tí wọ́n ń wá ló ń dúró ni? Mo já sójú títì, díẹ̀ ló kù kí n da igbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá kan nù. Àǹtí Mojí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, wọ́n ń ké, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, òótọ́ ṣáà ni. Ọmọkùnrin yẹn lé mi bá, ó di apá mi mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó ní, "Kí ló ń lé ẹ gan-an? Bàbá yẹn ti ń wá ẹ láti Ọjọ́rú! Wọ́n ní o gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀ wọn!"

Bàbá. Ẹnì kan ṣoṣo!

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbọ́ mi. Nínú èdè ilé wa ní Òndó, ẹnì kan, ẹnì kan náà ni, ìbáà jẹ́ bàbá àgbà. Bí a bá ní "wọ́n", èèyàn ti pọ̀ nìyẹn. Ẹ máa ń sọ pé a ò mọ àpọ́nlé. A mọ̀ ọ́n, ibòmíì la fi í sí. Mo ti kọ́ tiyín, òun náà ni mò ń sọ látàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù dé, orí Òndó ni mo fi ka àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ìyanu padà dé, mo kígbe mọ́ ọn pé kí ló dé tí kò kọ "bàbá kan". Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ní, "Ṣé mo lè máa pe ọmọdé ní wọ́n ni?"

Bàbá awakọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, fáìlì mi nínú ọ̀rá lórí itan wọn. Mo ti kọ àdírẹ́sì mi sára fáìlì náà, àmọ́ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo wólẹ̀ síwájú wọn nínú iyanrìn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí ni? Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Mi ò lè fi ìwé ọmọ ọlọ́mọ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, wọ́n lè fi lu jìbìtì. Àná ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ilé tí mo wá ní Ọjọ́rú, mo dé Agbowó lánàá, mi ò rí i mọ́! Mo yí po, yí po, ọ̀nà dàrú mọ́ mi lójú. Láti kékeré ni mo ti ń wakọ̀ n'Ìbàdàn, irú ẹ̀ ò ṣe mí rí."

Èmi àti Àǹtí Mojí wo ara wa. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Àdúrà yín ni o!

Bàbá ní, "Mo bá délé, mo kírun, mo ní Ọlọ́hun, ọmọ ọlọ́mọ ni, ẹ jẹ́ kí n rí i. Ni mo bá tètè jáde láàárọ̀ yìí kí n tó lọ kí Jímọ̀. Àwọn ọmọ dáadáa yìí ló mú mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ." Àwọn ọmọ dáadáa! Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi í, kẹ́ẹ̀gì mi tó sán ńkọ́?" Mo ti ra òmíràn fún un.

Takisí Bàbá yẹn náà ló gbé wa dé ẹ̀ka. Ìyá yẹn ti ń kó ìwé wọn jọ. Wọ́n yẹ tèmi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Ẹni tó sọ ìwé ẹ̀ nù yẹn, ṣé ó ti rí i?" Mo ní, "Ìwé ló wá a rí, mà." Mo jáde síta, mo jókòó sílẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí mo ti dé Ìbàdàn, ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n.

Lánàá, mo lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń gbé èrò ní Mọ́kọ́lá. Mo sọ àdúrà tí a gbà fún wọn, torí kò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n ní, "Èmi ni ẹ kóra jọ tí ẹ gbà á fún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí ẹnì kan bá ń wá ẹ, máa kọ́kọ́ bèèrè ohun tó gbé dání."

Pásítọ̀, ẹ máà bínú sí mi. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi, èmi tí mo sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún yín ni. Ẹ dárí jì mí, gbogbo ìjọ. Orúkọ mi ti wà nínú ìwé wọn báyìí, mo ti di akẹ́kọ̀ọ́, ìyá mi ò ní fojú pamọ́. Ẹni tó bá ń gbé ire yín bọ̀, ẹ ò ní sá fún un. Ẹ ò ní pè é lọ́tàá. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó! Ògo ni fún Ọlọ́run tí a bẹ̀ pé kó dí ọ̀nà, tó sì là á.