Ọwọ́ Orogún Lára Ìyálé

Alága ìjókòó ìfẹ̀yìntì mi lónìí, Alhaji Bákàrè, bàbá gbogbo wa ní Sawaba. Ẹ̀yin àgbà álúfà tí ẹ fi àdúà ṣí ètò yìí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó lápá ọ̀tún mi, pàápàá Ìyá Àúdù tí orúkọ wọn ń jẹ́ Hàjàrá, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé. Dókítà Kwasi, ọ̀gá mi tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Gbogbo yín pátá, asalaamu alaekun. Ẹ̀yin ará Bantama, mema mo aha, ẹ káàsán o. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Sàwúdátù ìyàwó mi ti kì mí nílọ̀ nílé pé kí n má pẹ́, ìrẹsì ń tutù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń dákẹ́ látọjọ́ yìí wá kó lè gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kóun náà sọ̀rọ̀ díẹ̀ lónìí.

Sawaba níbí ni wọ́n bí mi sí. Ìlọrin ni bàbá mi, Álúfà Abọ́dẹrìn, ti wá. Kéwú ni wọ́n ń kọ́ni, wọ́n sì fẹ́ kí èmi Jùnáídù náà jókòó sórí ẹní kí n máa kọ́ni. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ yìí ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé, bàbá mi di ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ìlọrin. Èmi dúró, nítorí ilé ìwòsàn ti gbà mí síṣẹ́. Ó dùn wọ́n títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé mi nínú àdúà, àdúà náà ni mo sì ń jẹ títí dòní.

Ṣé èèyàn lè ṣiṣẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó má ṣẹ ẹnikẹ́ni? Èmi kọ́ o! Tí mo bá ti ki ẹ̀rọ bọ etí, bí ọba kí mi, n kì í dáhùn. Akosua mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ni Akosua, òun ni mo sì fi yàrá wa lé lọ́wọ́. Mo ti jágbe mọ́ ọn níwájú aláìsàn rí, ó lọ sunkún lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, ó nu ojú, ó padà wá, ó ní, "Wofa, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Wofa, arákùnrin ìyá, ló ń pè mí. Akosua, má bínú sí mi. Ìwọ lo ni sùúrù nínú àwa méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wa, ẹ gbọ́. Ọ̀pá kékeré kan wà tí kò ju kálàmù ìkọ̀wé lọ, próòbù là ń pè é. Ó ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọnú ara. Ìró náà á bá ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré pàdé, á padà wá, ẹ̀rọ á sì sọ ọ́ di ohùn. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ẹ wo tirotiro, ọkọ̀ èrò, tó ń bọ̀ láti Tafo: tó bá kọjú sí yín, ohùn rẹ̀ á ga, tó bá kọjá, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, níbi tó ti ń dábùú iwájú yín gan-an, kò ga, kò wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀jẹ̀ rí. Bí ẹ bá nà próòbù ró ṣánṣán lórí iṣan bí ọmọ odó, ẹ̀rọ á dákẹ́, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń ṣàn. Ẹ ní láti dà á sí ẹ̀gbẹ́, kó kọjú sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀. Ìyẹn a mọ̀. Ìyókù, orogún ló kọ́ wa.

Nígbà ọyẹ́ kan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, àìsàn ṣúgà dá egbò sí Ìyá Àúdù lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà dúdú. Dókítà Kwasi ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dé ìsàlẹ̀, òun á bá egbò náà jà; bí kò bá dé ibẹ̀, òun á gé ẹsẹ̀ náà kó tó pa wọ́n. Akosua fi próòbù sí ẹ̀yìn orúnkún, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó fi sí ọrùn ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Dókítà bá pè mí, ó ní, "Jùnáídù, lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ kí n tó gé e."

Ìyá Àúdù fa aṣọ mọ́ra. "Ta ni? Ọmọ Álúfà tó kọ́ ọkọ mi ní kéwú ni kó wá ká aṣọ mi sókè? Ẹ kúkú gé e!"

Mo yíjú padà. Ràzíátù sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó kejì ọkọ wọn, ó gbé oúnjẹ wá. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Gbogbo Tafo mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àúdù ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ràzíátù gbé abọ́ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ́ mi. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì kò rí i, èmi á fi síbẹ̀."

A ta aṣọ. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ojú mi kò rí nǹkan kan, etí nìkan ni mo ní. Mo ní kí Ràzíátù fi jẹ́lì tó ń yọ̀ kun ẹnu próòbù, kó wá ibi tó rọ̀ lẹ́yìn orúnkún, kó da próòbù sí ẹ̀gbẹ́, kó kọ ẹnu rẹ̀ sí apá ìtan.

"Ó tutù!" Ìyá Àúdù ló pariwo yẹn.

"Jẹ́lì ni, Ìyá Àúdù. Kì í ṣe ọwọ́ mi," ni Ràzíátù dá wọn lóhùn.

Mo bi í bóyá ó ti kan ara. Ó ní, "Ó kàn án díẹ̀. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ o. Tí wọ́n bá ké, wọ́n á ní mo fẹ́ pa wọ́n." Mo la ẹnu láti ní kó tẹ̀ ẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe. Kí n tó sọ ọ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀: fùú… fùú… fùú.

"Ta ló ń mí níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni, Ìyá Àúdù. Ó ń lọ," ni Ràzíátù wí.

Ó gbé e dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò lágbára, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀jẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ látàárọ̀! Àwa tí a mọṣẹ́ là ń fi ọwọ́ líle tẹ iṣan tó rẹ̀ pa, tí a tún ń ní kò dáhùn. Ẹ̀rù ẹnu ayé ló mú kí ọwọ́ Ràzíátù fúyẹ́. Lẹ́yìn aṣọ yẹn, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin méjèèjì ń sunkún, èmi náà sunkún.

Dókítà sáré dé, ó ní, "Hwan nsa ni?" ọwọ́ ta nìyẹn? Akosua dáhùn pé, "Kora nsa!" ọwọ́ orogún ni. Ìka ẹsẹ̀ méjì ló bá egbò náà lọ. Ẹsẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ náà, dókítà kékeré yòówù tó bá wọ yàrá wa tó ń tẹ próòbù mọ́ aláìsàn, Akosua á pariwo, "Kora nsa!" ọwọ́ á sì fúyẹ́. Àwọn àgbà wa kò purọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ràzíátù kò sí níbí lónìí. Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá ló kú. Èmi àti ọkọ wọn jókòó lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, à ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, àwọn obìnrin ń wẹ̀ ẹ́. Ó jọ pé ẹnìkan ń yára. Mo wá gbọ́ ohùn Ìyá Àúdù:

"Ẹ rọra. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lára mi. Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ Ràzíátù. Kí Ó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí Ìyá Àúdù, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn rọ. Akosua, ọwọ́ rẹ kò ní wọ́n nínú yàrá náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ara yín yan odì nílé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ àìsàn ni yóò mú yín bára yín sọ̀rọ̀.

Àúdù, ọmọ mi, wá mú mi sọ̀kalẹ̀. Rọra o, má tẹ ọwọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o.