Bí Mo Ṣe Sọ Wybren Di Kùrukùru

Ẹ jẹ́ kí n tú u síta lónìí, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wú nínú mi bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà pò. Bí n kò bá sọ ọ́, ikùn mi á bẹ́, á sì gbé òrùlé ilé mi lọ sí Jámánì. Èmi Gerlof, awakọ̀ ọkọ̀ wàrà ní abúlé Tsjalburen, tí gbogbo Friesland ní Netherlands mọ̀ sí aláwàdà, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ọjọ́ tí olùkọ́ ìṣirò ní bí kò bá ṣe òun, èmi ló máa lọ, èmi ni mo hu ìwà yìí. Ẹ má rò pé mo tún fẹ́ dápàárá. Àpárá ló bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti wọlé.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹyin ljip nígbà ìrúwé, ọba ni títí ọdún á fi yí. Ljip ni ẹyẹ dúdú òun funfun tó ní ṣóńṣó ìyẹ́ lórí, tó ń yé sínú koríko lórí ilẹ̀ gbalasa. Àwọn baba wa máa ń kó ẹyin náà jẹ. Láyé tiwa òfin ti kà á léèwọ̀, àwòrán nìkan là ń yà. Ìwọ àti ìtẹ́ á jọ wà nínú rẹ̀, wàá sì fi ránṣẹ́ sí Boukje, ìyá àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ awá-ẹyin wa. Ṣùgbọ́n dandan ni kó o sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì, kí ẹnikẹ́ni má baà dá pápá náà mọ̀, kí èrò má baà lọ tẹ ìtẹ́ pa. Òfin tó dáa ni. Inú òfin tó dáa yẹn ni mo sá pamọ́ sí bí eku nínú àpò ọkà.

Áàpù kan wà nínú fóònù mi tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá. Tó o bá ti tẹ ibì kan báyìí, á wo àwòrán fúnra rẹ̀, á pinnu ẹni tó jẹ́ olórí ibẹ̀, á sì sọ gbogbo ìyókù di kùrukùru. Áà, mo fẹ́ràn áàpù yẹn! Mo lò ó fún màlúù, mo lò ó fún kẹ̀kẹ́ mi, mo lò ó níbi tí ìyá ìyàwó mi dúró sí ẹ̀yìn, mo sì ń sọ kiri pé àwòrán tó tíì gbé ẹwà ìyá náà yọ jù lọ nìyẹn.

Wàyí o, Wybren. Láti kékeré ló ti ń wá ẹyin àkọ́kọ́, kò sì rí i rí. Ọdọọdún ni ẹnìkan máa ń ṣáájú rẹ̀. Ó ti darúgbó, ó sì ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti gbé tíì kaná rí, ó lọ sùn. Hiske ọmọ rẹ̀ ti ń sọ pé bó bá tún burú díẹ̀ sí i, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ni Wybren pè mí. Kò ní fóònù tó ń ya àwòrán. Ó ní kí n gbé tèmi wá sí pápá, kí n má sì bi òun ní ìbéèrè.

Kí n tó débẹ̀, ó ti fi ọ̀pá gígùn tí a fi ń fo kòtò omi fò sí òdìkejì bí ẹni pé kò tíì gbéyàwó. Mo la omi kọjá lọ bá a, ó nàka sílẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó rí tótòtó bí ẹni tí ẹrẹ̀ ta sí lára. Mo pariwo débi pé àwọn màlúù Denmark dáhùn. Bàbá náà kúnlẹ̀ ti ìtẹ́. Mo ya òun àti ìtẹ́. Lẹ́yìn náà mo ní kí n ya ara mi náà fún ẹ̀rín. Mo gbé fóònù lé orí òpó, mo lóṣòó ti ìtẹ́, mo fọwọ́ kan lé ìbàdí bí ọba. Wybren dúró lẹ́yìn mi, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Inú ọkọ̀ ni èrò náà ti sọ sí mi lọ́kàn: fi tìẹ ránṣẹ́, má fi tirẹ̀ ránṣẹ́, kó o tan Boukje jẹ fún wákàtí kan, kí gbogbo wa wá fi rẹ́rìn-ín. Mo tẹ áàpù. Ọkùnrin tó ga bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì di èéfín lójú mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyìn dùn! Bí mo ṣe dé ilé ọtí, wọ́n fi ẹyin fàdákà kékeré tó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ ọdún náà há mọ́ mi láyà, wọ́n gbé mi sókè, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu òrùlé já. Rédíò pè mí. Mo ní tí mo bá mu ife kan tán, màá sọ òótọ́. Ife kan bí òmíràn. Ni mo bá yọ́ wọ ilé ìtọ̀, mo sì pa gbogbo àwòrán tí Wybren hàn nínú rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù mi. Ẹlẹ́ran ara wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ni.

Wybren wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Kò bínú, ó rò pé àwàdà ni. Ó ní, “Gerlof, ó tó báyìí. Sọ fún wọn.”

Mo ní, “Kí ni kí n sọ, Baba?”

“Ta ló rí ẹyin.”

Boukje ní kí n gbé fóònù wá, wọ́n wò ó, kò sí nǹkan kan. Ẹnu mi yìí, tí ìbá dára kó ti yadi láti inú oyún, ló wá sọ ọ́: “Baba, ó ti rẹ̀ yín. Ojú títì lẹ dúró sí. Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan, gbogbo wa la mọ̀.”

Hiske tó bá bàbá rẹ̀ wá fọwọ́ bojú. Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ èmi ni mo gbàgbé.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Hiske bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù bàbá rẹ̀ sínú páálí fún ilé ìtọ́jú. Mo gbọ́ pé ní ilé búrẹ́dì Wybren ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn èèyàn, pé kí wọ́n má bínú, orí òun kò pé mọ́.

Èmi ńkọ́? Mo ń fẹlá. Wọ́n ti tẹ àwòrán mi tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn abà, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ilé ọtí. Mo dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ń ròyìn fún àwọn àlejò, ni ojú mi bá bọ́ sí abẹ́ apá mi. Áàpù ọlọ́gbọ́n náà ti rò pé àlàfo tó wà láàárín apá àti ìhà mi, ara mi ni. Kò fi kùrukùru kankan bò ó. Ibẹ̀ mọ́ kedere bí omi orísun. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tó di ọ̀pá mú, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sì ní òwú pupa tí wọ́n fi lẹ ojú ihò.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ta ló ń wo abíyá ọba? Mo lè dákẹ́ títí láé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo fa àwòrán náà ya kúrò lára ògiri, mo gbé e sáré la ìlú kọjá, atẹ́gùn kó sínú rẹ̀ bí ìgbòkun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi jù sínú òkun. Páálí ti kún ẹnu ọ̀nà bàbá náà. Mo tẹ́ àwòrán náà sórí itan Wybren.

“Baba, ẹ wo abẹ́ apá mi.”

Ó mú awò, ó wò ó pẹ́. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó ní, “Ìbọ̀wọ́ mi nìyí. Ìyá Hiske ló fi òwú pupa lẹ̀ ẹ́.”

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ rí ẹyin yẹn. Ẹ kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo purọ́.”

Kò bú mi. Ó pe ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń fò sókè bí ti ọmọdé. “Hiske! Wá tú ẹrù mi. Mo wà níbẹ̀. Orí mi pé.”

Hiske jáde, ó wo àwòrán, ó wò mí, ó sì gbá mi létí kan tí mo fi rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyà Wybren ni ẹyin fàdákà wà báyìí. Ẹgbẹ́ ti lé mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní áàpù yìí, ẹ fi bo pápá nítorí ẹyẹ, ẹ fi bo ìdọ̀tí yàrá yín, ẹ má fi bo ẹni tó mú yín débẹ̀. Ẹ lè rò pé ẹ ń bo ara nìkan, kó jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ lẹ ń fà yọ.

Bàbá náà kò tíì sọ pé òun dárí jì mí. Ó ń jẹ́ kí n wakọ̀ gbé òun lọ sí pápá, tí a bá sì débẹ̀, á ní, “Jókòó síbẹ̀.” Mo ń jókòó. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń fò kọjá omi, mo sì ń pàtẹ́wọ́ nínú ọkọ̀ bí wèrè. Wybren, mo bẹ̀ yín níwájú gbogbo ayé: lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀.