Apá Ọkọ̀ Òfuurufú Ọ̀gá Eugène

Assani káfíńtà kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ará àdúgbò Akron ní Àjàṣẹ́ tí ẹ kò gbé àga yín fún un tún ṣe mọ́ láti ọdún 1966, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Olúfẹ́mi lónìí, kí ìtìjú tó tún pa mí lẹ́nu mọ́.

Ọ̀gá Eugène, tó ń ṣiṣẹ́ ìlera, ló ra ọkọ̀ òfuurufú kan láti Amẹ́ríkà. Inú àpótí ni wọ́n kó o sí, igi, aṣọ àti ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ìwé tó ń kọ́ni bí a ó ṣe tò ó fúnra wa. Òkè orí awakọ̀ ni apá rẹ̀ máa wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba ẹrù. Ó fẹ́ máa fi gbé oògùn lọ sí àwọn abúlé tí omi bá ká mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì Dakar dé, ohunkóhun tó bá rú ẹlòmíràn lójú ni èmi máa ń fẹ́ tú. Ó bi mí pé, "Ṣé o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?" Mo ní, "Dáadáa, Ọ̀gá." Irọ́ ni. Faransé ni mo fi kàwé. Àwòrán inú ìwé náà ni mò ń wò, tí mo ń méfò ìyókù fún Assani tó ń bá a to ọkọ̀ náà, ó sì ń dùn mọ́ mi bí ẹni ń ta ayò.

Assani fi gọ́ọ̀mù lẹ igi apá náà, ó sì fi irin dè é pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ku àwa méjì péré, mo ní kó tú irin náà. Ó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ó ṣì rọ̀. Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ṣé ó mọ ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́?"

"Ohun tí ìwé sọ nìyẹn. Àbí o ti ń kàwé ni?"

Ó tú u.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Eugène gbé e gòkè, apá òsì ṣẹ́ kó tó kọjá igi àgbọn. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ Ọ̀gá kan.

Mo gbé ìwé náà tọ Adizatou aláṣọ lọ, tó kàwé ní Badagry. Ó ní, "Ọjọ́ méje ni wọ́n ní kí igi náà fi wà nínú ìdè irin." Ǹ bá ti jẹ́wọ́ nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni mo gbà lọ, mo fi ìka lé ojú ìwé náà, mo ní, "Ọjọ́ méje ni mo kà fún un. Kò gbọ́." Òtítọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni mo fi sin ín. Wọ́n ti mú Assani síbẹ̀, ó wò mí: "Akọ̀wé, ṣé èmi lẹ ń sọ?" Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣẹ̀wọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo pàdé rẹ̀ ní Adjarra, ó ń ru pákó fún àwọn káfíńtà tó tó bí lọ́mọ. Mo fẹ́ yà fún un, ó ti rí mi. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Akọ̀wé, mo ti rò ó títí. Bóyá ẹ kà á fún mi lóòótọ́, tí etí mi ò gbọ́. Ẹ bá mi bẹ Ọ̀gá Eugène."

Ó ti gba irọ́ mi gbọ́!

Ọ̀gá Eugène, ẹ̀dà ìjẹ́wọ́ mi yìí ti wà lọ́wọ́ yín. Mò ń gbé òmíràn lọ fún ọlọ́pàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín.

Bàbá Assani, n kò kà á fún yín rí. Etí yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ dárí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é.