Ìró Àdìrẹ Inú Ẹrù Ìyá Ṣadé

Nígbà tí ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìlo jígí, Ìkòtún níbí ni mo ti ń ránṣọ. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà yẹn ni. Aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi ègé oríṣiríṣi aṣọ rán pọ̀, èmi ni mo ń rán an fáwọn aboyún àdúgbò. Ẹ̀yin báyìí ńkọ́? Ẹ ó kàn lọ ra búláńkẹ́ẹ̀tì aláwòrán ológbò ni. Ẹ gbọ́ ná.

Ṣadé, ìyàwó tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbé ẹrù aṣọ ìyá rẹ̀ wá. Ìyá ọ̀hún ti kú, oyún Ṣadé sì ti ga.

"Màmá," ó ní, "ọmọ mi ò ní bá ìyá mi láyé. Mo fẹ́ kó fi gbogbo aṣọ wọn bora. Ẹ má yọ ìkankan sílẹ̀ o."

Háà, a kì í sáré gé aṣọ jàre! Mo fa fọ́nrán òwú kan yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣáná sí i. Èyí tó bá ń rùn bí ìwé tó jóná, òwú gidi ni. Èyí tó bá yọ́ tó di kókó, náílọ̀n ni, á máa mú ọmọ láàgùn. Mo wá rẹ igun wọn sómi, mo fi áńkáṣíìfù funfun nù wọ́n, kí n mọ èyí tí àwọ̀ ẹ̀ máa ṣí tó máa ba ìyókù jẹ́.

Kò sí wàhálà... àfi ìró àdìrẹ kan. Áńkáṣíìfù di búlúù! Mo fiyọ̀ sómi kí aró lè dúró, mo tún rẹ ẹ́. Ó tún ṣí. Ó yà mí lẹ́nu ṣá. Obìnrin tí gbogbo aṣọ ẹ̀ ti gbó, kí ló dé tí aró ṣì ń ṣàn lára eléyìí? Mo tú u wò. Ojú ibi tí wọ́n ká a sí lọ́jà ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣadé, ìyá ẹ ò ró aṣọ yìí rí. Omi ò kàn án rí."

"Kí ni wọ́n wá ń tọ́jú ẹ̀ sí?"

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Mi ò lè jókòó mọ́. Mo ní kó pe àbúrò ìyá ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn sunkún kó tó dáhùn: "Èyí tí wọ́n fẹ́ fi pọn ọmọ ẹ nìyẹn. Àtìgbà tó o ti ṣègbéyàwó ni wọ́n ti rà á."

Ṣadé rọra gba aṣọ lọ́wọ́ mi. "Ẹ má gé eléyìí, Màmá."

Ìyókù ni mo fi rán ìbora. Nígbà tí ọrùn ọmọ le, Ṣadé gbé e wá bá mi, tòun ti ìró yẹn. Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Màmá, ẹ bá ìyá mi pọ̀n ọ́n." Mo bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọmọ sí mi lẹ́yìn, mo pọ̀n ọ́n. Inú mi dùn, ó sì tún bà jẹ́.

Hmm... ayé ti di kánmọ́kánmọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, tí mo bá kú, ẹ má sáré pín ẹrù mi. Ẹ kọ́kọ́ tú u wò. Ẹ béèrè ẹni tí mo tọ́jú ẹ̀ dè.